Wákàtí Méjì Ààbọ̀ sí Torino

Tó bá wá bèèrè ńkọ́? Tó bá dì mọ́ mi láṣọ níwájú gbogbo èèyàn, tó ní, "Màmá àgbà, ẹ mú mi lọ sílé" — kí ni màá sọ? Petronela, ìyá rẹ̀, ti sọ ohun tí màá sọ fún mi. Ó sọ ọ́ lórí fóònù lánàá, ó tún un sọ, bí ìgbà téèyàn ń kọ́ ọmọdé ní ABD. "Tí Ilinca bá ní òun fẹ́ bá yín padà, rárá lẹ máa sọ o. Ṣé ẹ gbọ́ mi, Màmá? Rárá. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fara mọ́lé ni." Mo ní mo gbọ́. Kí ló dé tí mi ò ní gbọ́? Etí mi ò tíì di.

Rárá... Rárá, ọmọ mi... Mo ti ń dán an wò lẹ́nu láti ìgbà tí bàálù yìí ti gbéra nílẹ̀. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí fèrèsé, èémí mi bo gíláàsì, ọ̀rọ̀ náà ò sì jáde bó ṣe yẹ. Lákọ̀ọ́kọ́ ó jáde bí ìgbà téèyàn ń lé adìẹ. Mo tún un sọ. Ó wá ń dún bíi bẹ́ẹ̀ ni.

Wákàtí méjì ààbọ̀ péré ni mo ní. Ta ló ń rí ojútùú ọ̀rọ̀ gidi láàárín wákàtí méjì ààbọ̀? Ìyẹ̀fun tí mo pò fún búrẹ́dì pàápàá kì í tíì wú tán nígbà yẹn. Bọ́ọ̀sì ni mo mọ̀ ní tèmi, bọ́ọ̀sì Sátidé tó ń gbéra ní gbàgede ọjà ní Bacău, tó ń la Húngárì kọjá, tó ń fi ọjọ́ méjì gbáko rìn kó tó dé Torino. Èmi kò wọ̀ ọ́ rí, ẹrù mi ló ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì! Èèyàn á sunkún tán nínú ẹ̀, á sùn, á jí, á jẹ ẹyin sísè, á bọ́jú ní ilé epo, á sì ti mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Nínú bàálù yìí, mi ò tíì rí ibi tí màá gbé ọwọ́ mi sí, wọ́n ní a ti fẹ́ rin ìdajì ọ̀nà.

Ọkùnrin tó jókòó tì mí ló ń sọ gbogbo ìwọ̀nyí fún mi. Gelu lorúkọ rẹ̀, bíríkìlà ni ní Torino, apá rẹ̀ sì tóbi débi pé ó ti gba ibi ìgbápálé tèmi mọ́ tirẹ̀. Ó ní láti Bacău sí Torino, ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kìlómítà ni. Mo ní irọ́ ni, àwọn oníbọ́ọ̀sì ní ó tó ẹgbẹ̀rún méjì. Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, bọ́ọ̀sì ń yí òkè po, ó ń dúró ní bodè, ó ń dúró jẹun. Bàálù ò yí nǹkan kan po."

Ìyẹn gan-an ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìlú méjì kan náà — báwo ni yóò ṣe jẹ́ ọjọ́ méjì fún ẹrù mi, kó wá jẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀ fún èmi alára? Ẹnì kan ń parọ́ láàárín wọn. Àti aago wọn! Tíkẹ́ẹ̀tì ní a gbéra ní aago mẹ́wàá, a ó sì balẹ̀ ní aago mọ́kànlá ààbọ̀. Mo ní, "Ṣebí wákàtí kan ààbọ̀ nìyẹn?" Gelu ní rárá, aago tiwọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Ó mà rọrùn fún un láti sọ "rárá" o. Wákàtí kan á kàn dàwátì lókè níbí, kò sì sẹ́ni tí màá bi. Ta ló gbé e? Ṣé màá rí i gbà padà tí mo bá ń bọ̀ nílé... Kí ni mò ń sọ? Ọkàn mi ò sí níbì kan.

Ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni kí n gbájú mọ́.

Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni Ilinca nígbà tí Petronela gbé e lé mi lọ́wọ́, tó wọ bọ́ọ̀sì lọ máa tọ́jú àwọn arúgbó ní Torino. Bàbá ọmọ ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni Ilinca ti hu eyín. Ọ̀dọ̀ mi ló ti rìn, láti ẹsẹ̀ ààrò dé ẹsẹ̀ àga. Bí ibà bá mú un, àyà mi ló ń sùn sí. Irun rẹ̀, èmi ni mò ń dì í láràárọ̀, ìdì méjì, rìbọ́ọ̀nù pupa. Petronela ń wá lóṣù Ògọ́ọ̀sì, ọmọ á sá pamọ́ sẹ́yìn yẹ̀rì mi fún ọjọ́ mẹ́ta, lọ́jọ́ kẹrin á jáde, kó tó mọ́ ìyá rẹ̀ lára tán, bọ́ọ̀sì ti ń fọn fèrè. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí ọmọ fi pé mẹ́sàn-án. Ògọ́ọ̀sì ọdún kejì sí ìsinsìnyí, Petronela kò dá nìkan wọ bọ́ọ̀sì padà. Ó ti rí ilé oníyàrá méjì, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ọmọ rẹ̀ ni. Mo di ẹrù ọmọ, mo dì í dáadáa, mo dúró ní gbàgede ọjà títí bọ́ọ̀sì fi yí kọ́nà. Lẹ́yìn náà mo lọ sílé, mo sì dáná oúnjẹ ẹni méjì.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó máa ń bi mí pé kí ló dé tí màmá òun kò wá jẹun alẹ́. Màá ní, "Ó jìn, ọmọ mi. Ọjọ́ méjì ni." Á gbà. Òótọ́ ni mo sì sọ. Ọ̀nà ló ń bá mi dáhùn nígbà yẹn. Báyìí tí ọ̀nà kò jìn mọ́, ta ni yóò bá mi dáhùn? Ọmọ ọdún mọ́kànlá mọ máàpù wò. Á ní, "Màmá àgbà, wákàtí méjì ààbọ̀ ni, a ti délé." Kí ni màá wá sọ? Pé bàálù ti kún?

Wọ́n tún ti sọ mí di ọlọ́wọ́ òfìfo ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Mo di oúnjẹ ọjọ́ méjì kúrò nílé. Èèyàn ń rìnrìn àjò, kò ní di oúnjẹ? Adìẹ yíyan, ẹyin sísè, búrẹ́dì ńlá kan. Ìyẹn, wọ́n jẹ́ kó kọjá. Ṣùgbọ́n ìgò jáàmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, jáàmù èso pulọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé mi tí mo dúró tì lórí iná títí apá mi fi kú — ọmọbìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ kó gbogbo ẹ̀ sínú ike ìdalẹ̀nù, kò tilẹ̀ wojú mi. "Nǹkan olómi ni, Màmá, kò lè wọ bàálù." Olómi! Ṣíbí ń dúró ṣánṣán nínú jáàmù mi! Ìgò ọtí líle náà bá a lọ. Èyí ló tilẹ̀ dùn mí jù, torí ti awakọ̀ ni. Gbogbo ẹni tó bá ń fi ẹrù rán bọ́ọ̀sì Sátidé ló mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi nǹkan kékeré lé awakọ̀ lọ́wọ́, kó lè rọra wà á, kó má sì ju ẹrù ẹni sábẹ́ tẹlòmíràn. Awakọ̀ tó ń rìn nílẹ̀, a ń fún un. Èyí tó gbé wa kọ́ sójú ọ̀run ni a ò ní fún? Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Gelu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá! Ẹ fẹ́ rọ awakọ̀ bàálù yó? Ẹ ṣàánú mi o, mo níyàwó nílé!"

Kó máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ ń dúró dè mí, mi ò sì mú nǹkan kan tó mọ adùn rẹ̀ dání. Kí ló máa fi rántí? Ojú mi nìkan?

Tí kò bá wá bèèrè rárá ńkọ́?

Ìyẹn... ìyẹn ni mi ò fẹ́ kàn. Mo ti ń yí i po láti àárọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, tó bá gbé fóònù, ohun tó máa ń sọ tẹ́lẹ̀ ni, "Mo fẹnu kò yín lọ́wọ́, Màmá àgbà," bí a ti ń kí àgbà nílé wa. Mo kọ́ ọ kó tó lè sọ orúkọ ara rẹ̀. Láti bí oṣù mélòó kan, "Ciao" ló ń sọ. Ciao! Bí ẹni ń kí ọmọ kíláàsì rẹ̀. Fóònù mi kì í gbé àwòrán, ohùn nìkan ni mò ń gbọ́, ohùn náà sì ti ń yí. Mo bi í bóyá ó ń jẹun, ó ní "sì, sì," bí wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni níbẹ̀. Mo sọ fún un pé ajá wa bímọ mẹ́fà, ó ní, "Màmá àgbà, wọ́n ń dúró dè mí, a fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́." Lúwẹ̀ẹ́! Ọmọ tí mi ò jẹ́ kó dé etí odò rí! Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Mo gbọ́ ọ. Inú rẹ̀ ń dùn pé òun fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀.

Mo fẹ́ kó sunkún. Ó dáa, mo ti sọ ọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo fẹ́ dé pápá ọkọ̀ òfuurufú yẹn kí n rí ọmọ tó rù, tí irun rẹ̀ rí wúruwùru, tó sáré sí mi, tó sunkún bí ìgbà tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú. Kí gbogbo Torino dúró wò ó. Irú ìyá àgbà wo ló ń gbàdúrà pé kí ọmọ-ọmọ òun má jẹ̀gbádùn? Ojú ń tì mí. Ojú ń tì mí, mo sì tún ń rò ó. Ara mi gbóná, mo tú bẹ́líìtì, ọmọbìnrin tó ń pín omi ní kí n dè é padà, mo dè é padà.

Kì í sì í ṣe pé mò ń rò ó lásán. Mo ti palẹ̀ mọ́. Sátidé-Sátidé ni mò ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀, ibùsùn tẹ́nikẹ́ni kò sùn lé. Mo ti yọjú sí ọ̀gá ilé-ìwé abúlé, ó ní àyè wà fún un nígbàkígbà. Veta aládùúgbò mi bi mí láti òdìkejì ọgbà láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń ti ilẹ̀kùn, "Safta, ṣé o máa mú un bọ̀?" Mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ohun tí mò ń lọ ṣe nìyẹn." Mo gbọ́ ara mi bí mo ti sọ ọ́. Mo tún ti kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kejì bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti tì í.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n pín omi tán, mo bi Gelu — mo ṣe é bí ẹni ń tàkúrọ̀sọ — mo ní, ọmọ kékeré tó bá fẹ́ bá ìyá àgbà rẹ̀ wọ bàálù padà sílé, kí ni wọ́n ń bèèrè?

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Mọ́kànlá."

"Ìyá ẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kó fọwọ́ síwèé pé òun yọ̀ǹda ẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e kọjá." Ó wá wò mí. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀rín ti kúrò lójú ẹ̀. "Ṣé ìyá ẹ̀ mọ̀?"

Mo ní etí ń dùn mí. Òótọ́ ni, etí ń dùn mí, bàálù ti ń sọ̀ kalẹ̀. Yìnyín funfun wà lórí àwọn òkè nísàlẹ̀, nínú oṣù Kẹfà yìí, èmi kò sì fẹ́ wò ó. A ti fẹ́ débẹ̀? Rárá. Ó kù díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ku díẹ̀, mi ò tíì mọ nǹkan kan. Gelu na súìtì kan sí mi pé kí n máa lá a, kí n máa mi itọ́ rẹ̀, etí á là. Èèyàn dáadáa ni. Àánú mi ló ṣe é, ó ń wá ohun tó máa fi tù mí nínú.

"Ẹ má jẹ́ kí ti jáàmù yẹn dùn yín, Màmá. Ẹ fi òmíràn rán bọ́ọ̀sì, ó tán. Ìyá tèmi náà ń fi ránṣẹ́. Ó ṣì ń kọ orúkọ mi gàdàgbà sára ẹrù bíi pé èmi nìkan ni Gelu tó wà ní Torino." Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Mo ti lé láàádọ́ta ọdún o. Àmọ́ tí ẹrù yẹn bá dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè tórúkọ mi ò sí lára ẹ̀, inú mi kì í dùn. Ìyàwó mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mò ń mi itọ́ súìtì. Etí mi ò là.

Orúkọ ta ló wà lára ẹrù tèmi? Ilinca. Èmi ni mò ń kọ ọ́, mo mọ̀. Tẹ́lẹ̀, Petronela ni mò ń kọ. Gbogbo ọdún tí ọmọ fi wà lọ́dọ̀ mi, Petronela, Torino. Wàràkàṣì fún Petronela, àsálà tí mo ti pa sílẹ̀ fún un, nítorí kì í ní sùúrù àtipa á. Bí ọmọ ti wọ bọ́ọ̀sì báyìí, ọwọ́ mi yí orúkọ padà. Mi ò jókòó rò ó. Mi ò bínú... àbí mo bínú? Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Petronela náà ló ń kúrò níbi iṣẹ́ lọ gba ẹrù lọ́wọ́ awakọ̀, tó ń gbé e gun àtẹ̀gùn, ó sì lójú tó fi ń ka orúkọ tó wà lára ẹ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan. Ó ń rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀ ni mo ṣe rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. "Màmá, èmi ńkọ́? Ẹ ò wá fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi mọ́?" Mo ní, "Ìwọ àgbàyà yìí!" A jọ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín kọjá bó ṣe yẹ kéèyàn rẹ́rìn-ín sí i.

Ìgò mẹ́rin ni mo di. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún Ilinca.

Bàálù kanlẹ̀ gbì. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ bí a ti máa ń ṣe, Gelu pàtẹ́wọ́, ó sì ṣe àmì àgbélébùú láyà. Ọwọ́ mi wà lórí itan mi. Lánàá, lẹ́yìn gbogbo rárá yẹn, ó tún sọ nǹkan kan. Kí ló sọ? Mo fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ nígbà yẹn, ẹyin ń hó lórí iná... "Mo ti gé irun mi o, Màmá. Kẹ́ ẹ má lọ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá." Èmi wá ní kí ni? Mo ní, "Ilinca ti ga tó ibo báyìí?"

Ó ti tó ọdún méjì tí Petronela ti wálé gbẹ̀yìn. Ìyá arúgbó tó ń tọ́jú kò jẹ́ kó rí àyè lóṣù Ògọ́ọ̀sì — ohun tó wí nìyẹn. Mi ò bi í síwájú sí i. Mo ti bi Ilinca bóyá ó ń sùn dáadáa, bóyá òtútù ń mú un, bóyá ẹnì kan ń fojú pọ́n ọn ní ilé-ìwé. Petronela ńkọ́? Ó ń gbé arúgbó láti orí ibùsùn sórí àga lójoojúmọ́ ayé, ó ń fọ ìdí wọn, ó ń dá sùn nílùú onílùú láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ta ló bi í bóyá ó ń sùn? "Rárá lẹ máa sọ o, Màmá. Ṣé ẹ gbọ́ mi?" Mo pe ìyẹn ní àṣẹ. Mo gbé e sínú, mo ń bínú láti àná. Kì í ṣe àṣẹ. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀bẹ̀ ni ọmọ mi ń bẹ̀ mí. Ẹ̀rù ló ń bà á, èmi sì ni ẹ̀rù náà.

Ọmọ mi. Kì í ṣe ìyá Ilinca. Ọmọ tèmi, tí mo bí.

Wọ́n ti dìde. Gbogbo wọn ti dìde sójú ọ̀nà tóóró yìí, báàgì ń kọlu báàgì, Gelu ti gbé tèmi sọ̀kalẹ̀ fún mi, adìẹ ń rùn jáde níbẹ̀. Tí Ilinca bá bèèrè, kí ìyá rẹ̀ dáhùn, kí n dúró tì í. Kò yẹ kó gba èèyàn ní gbogbo ojú ọ̀run láti mọ ìyẹn. Mo fẹ́ fojú inú wo Petronela bó ṣe dúró lẹ́yìn ògiri yẹn. Ojú rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ojú ọmọ ogún ọdún ni, pẹ̀lú irun gígùn dé ẹ̀yìn. Mo gé irun náà kúrò lórí rẹ̀, ojú náà lọ. Mi ò mọ bó ṣe rí. Mi ò mọ bí ọmọ mi ṣe rí! Kí ni wọ́n ń dúró dè tí ẹnikẹ́ni ò fi sún síwájú? A ti dúró, bàálù ti dúró, kí ló tún kù? Ẹ ṣílẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ó ti pẹ́ jù, ẹ ṣílẹ̀kùn yìí fún mi.